Ystad: ẹ má kàn gba ibẹ̀ kọjá, ẹ sùn síbẹ̀

Èbúté Ystad, ní gúúsù Sweden, ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Bornholm àti Poland. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ èèyàn á bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè, wọ́n á wọ́ báàgì wọn kọjá, ó tán. Bí mo ṣe ṣe é lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Lẹ́ẹ̀kẹta, nínú oṣù kẹfà, mo sun òru méjì níbẹ̀, mo sì kábàámọ̀ ti àtẹ̀yìnwá.

Alẹ́ ìlú yẹn ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Láti aago 9:15 alẹ́ títí di aago kan òru, olùṣọ́ kan máa ń wà lókè ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Sankta Maria. Bí ìṣẹ́jú 15 bá ti pé, á fọn fèrè sí ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ará ìlú lè mọ̀ pé iná ò jó níbì kankan. Ọ̀rúndún kejìdínlógún ni wọ́n ti ń ṣe é bọ̀. Mo dúró sí ojúde ìlú, ilẹ̀ ò tíì ṣú. Fèrèsé kékeré kan ṣí lókè, ẹnu fèrè yọ síta. Ohùn rẹ̀ wúwo, ó sì falẹ̀, bíi màlúù tó ń ké lọ́ọ̀ọ́kán. Ọmọdé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi juwọ́ sí i. Nígbà tí olùṣọ́ yí sí apá kejì, ohùn náà rẹlẹ̀, gbogbo wa sì dákẹ́ láti lè gbọ́ ọ.

Ìdí tí wọ́n fi ń bẹ̀rù iná hàn kedere lójú pópó. Nǹkan bí 300 ilé àtijọ́ ló wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé igi ni egungun wọn, amọ̀ tàbí bíríkì ni wọ́n fi dí àárín. Ọ̀kan nínú wọn, Pilgrändshuset, ti wà láti nǹkan bí ọdún 1480. Ẹ wo Änglahuset dáadáa, wọ́n gbẹ́ orí áńgẹ́lì sára igi rẹ̀. Ilé àwọn mọ́ǹkì Franciscan, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1267, ti di mùsíọ́ọ̀mù báyìí. Wọ́n ti fi ṣe ilé ìwòsàn àti ilé ìpọntí rí. Wákàtí kan tó o.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Kåseberga, abúlé apẹja tí Ales Stenar wà. Òkúta 59 ni wọ́n tò bí ọkọ̀ ojú omi lórí òkè etí òkun, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 67. Àwọn onímọ̀ ní ó ti tó nǹkan bí 1,400 ọdún. Wọn ò gbowó ẹnu ọ̀nà. Atẹ́gùn ibẹ̀ fẹ́ gba fìlà lórí mi. Mo gbọ́wọ́ lé òkúta kan, ó tutù rinrin, nǹkan aláwọ̀ eérú kan ti hù bò ó lára. Ní àárín gbùngbùn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ọ̀gangan òkúta iwájú ọkọ̀ ni oòrùn ń wọ̀ sí. Ní àárín gbùngbùn ìgbà òtútù, ọ̀gangan ti ẹ̀yìn ló ti ń yọ. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, mo jẹ ẹja ṣawá tí wọ́n fi èéfín yan ní èbúté abúlé náà. Ó dùn dé egungun.

Ohun kan ṣoṣo ló bí mi nínú: yàrá tí mo gbà kọjú sí ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà wọ èbúté, wọn ò sì sọ fún mi. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹ mú káàdì dání pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ ibi ni kì í gba owó bébà. Ẹ wo àkókò tí bọ́ọ̀sì Kåseberga máa padà kí ẹ tó gun òkè. Èmi sáré bọ̀, kí aago 9:15 má bàa lù kí n tó dé ojúde ìlú lẹ́ẹ̀kan sí i.