Àárín Ìwé Ni Mo Ti Ń Mọ Ìwé Tó Dáa

Ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn àròsọ kì í tàn mí mọ́. Òǹkọ̀wé wo ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń fani wọlé? Tí mo bá dé ìdajì, tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ojú ewé tó kù, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ nìyẹn. Ojú yẹn ni mo fi wo mẹ́rin tí mo kà tẹ̀ léra.

Dracula tí Bram Stoker kọ, tó jáde ní 1897, ló já mi kulẹ̀ jù. Ẹ̀rù ni mo wá lọ, mo sì rí i. Agbẹjọ́rò kan tó wọ̀ sílé olódi Dracula, òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ń fárùngbọ̀n, ni ọwọ́ kan bá bà lé e léjìká. Ẹni náà dúró sẹ́yìn rẹ̀ gan-an, síbẹ̀ dígí ò gbé e jáde. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí baálé náà tó ń rá sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, tó dorí kodò bí alángbá. Mo dìde lọ ti ilẹ̀kùn. Àmọ́ orí mẹ́rin àkọ́kọ́ ni adùn yẹn mọ nínú 27. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń lépa Dracula kàn ń ṣèpàdé, wọ́n ń yin ara wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Van Helsing sì ń rojọ́ bí ẹni tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ń ṣú. Dracula fúnra rẹ̀ wá di àlejò nínú ìwé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Adẹ́rùbani ni wọ́n pe Frankenstein tí Mary Shelley kọ (1818). Ẹkún ló fún mi. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó dá abàmì inú ìwé náà ló ń jẹ́ Frankenstein, abàmì ò lórúkọ.) Àárín gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Abàmì yìí sá pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn tálákà kan, ó ń yọjú wò wọ́n láti ojú ihò, ó sì ń jí oúnjẹ wọn jẹ. Nígbà tó rí i pé ebi ń pa wọ́n, ó jáwọ́, ó ń já èso igbó jẹ, ó tún ń ṣẹ́gi fún wọn lóru. Ọjọ́ tó fara hàn, bàbá afọ́jú nìkan ló bá a sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Ọmọ rẹ̀ tó ríran ló figi lù ú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ojú ewé yẹn. Ti Victor Frankenstein tó dá a ló sú mi: kó dákú, kó ṣàìsàn, kó sunkún, kó tún dákú.

The Murder of Roger Ackroyd, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí Agatha Christie kọ, tó jáde bí ìwé ní 1926, díẹ̀ ló kù kí n jù ú sílẹ̀ lágbedeméjì. Poirot, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé náà, ń bèèrè ọ̀rọ̀ àga kan tí wọ́n sún kúrò láyè rẹ̀. Kí ló kàn mí kan àga? Alẹ́ tí mo parí rẹ̀ ni mo padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo ń wá ibi tí wọ́n ti purọ́ fún mi. Mi ò rí. Gbogbo rẹ̀ wà ńlẹ̀ gbalaja. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ìparí rẹ̀ fún yín.

Mo ti ń sá fún Pride and Prejudice tí Jane Austen kọ (1813), torí ìtàn ìfẹ́ kì í bá mi lára mu. Ẹ̀rín ló pa mí. Ọ̀gbẹ́ni Collins ka ìdí tí òun fi fẹ́ láya sí Elizabeth, ọ̀dọ́bìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, létí bí ẹni ń ka ìwé ẹ̀sùn; Elizabeth ní òun ò fẹ́, Collins ní bẹ́ẹ̀ náà lobìnrin máa ń ṣe. Ní orí 34 nínú 61, Darcy, ọkùnrin olówó kan tó ń gbéra ga, ní òun nífẹ̀ẹ́ Elizabeth, ẹnu kan náà ló fi ń ka àbùkù ẹbí rẹ̀. Èsì tó gbà gbóná. Ìparí ló bí mi nínú. Nígbà tí Elizabeth máa wá gbà, Austen ò jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó kàn ròyìn rẹ̀ fún wa, ó bá tirẹ̀ lọ. Orí 57 ni mo sì kà kí n tó débẹ̀.