Àga pankẹ́rẹ́ gidi àbí onírọ́bà: èwo ni kẹ́ ẹ gbé wọlé?

Ẹ fi ti àwọ̀ àti tìmùtìmù sílẹ̀ ná. Ohun tó wà lábẹ́ híhun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò.

Egungun àga onírọ́bà sábà máa ń jẹ́ páìpù irin tí wọ́n hun rọ́bà bò. Ní Lekki, ní Victoria Island, níbi gbogbo tí atẹ́gùn òkun ń dé, ojú ibi tí ajórin ti so irin pọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dípẹtà, torí iná ti jó ọ̀dà ibẹ̀ kúrò. Ẹ ò ní rí i, rọ́bà òkè ṣì ń dán. Omi pupa bíi tíì lẹ máa rí lórí táìsì, nídìí ẹsẹ̀ àga, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fọ ilé. Ẹ̀pa ò bóró mọ́ nìyẹn: ajórin gbọ́dọ̀ gé rọ́bà kúrò kó tó lè jó o, ibo lẹ sì ti fẹ́ rí rọ́bà tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu?

Ẹ mú òòfà dání lọ sọ́jà. Ti inú sípíkà tó ti bàjẹ́ tó. Ẹ fi kan ẹsẹ̀ àga láàárín híhun. Tó bá fà á, irin ni, ohun yòówù kí ọlọ́jà máa sọ. Alumíníọ̀mù kì í fà, kì í sì í dípẹtà bí irin, àmọ́ owó rẹ̀ ga.

Kòkòrò ni ọ̀tá pankẹ́rẹ́ gidi. Ẹ dojú àga délẹ̀, ẹ gbá a: bí ìyẹ̀fun bí èlùbọ́ bá ń dà látinú ihò wínníwínní, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ibi tí fáníṣì ò dé ni kòkòrò ń yé sí, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n kun abẹ́ àti ojú ibi tí wọ́n gé, kẹ́ ẹ sì dúró tì wọ́n. Ẹ jókòó, ẹ mì í. Tó bá ń ké, ìṣó nìkan ló dì í mú. Tẹ́sẹ̀ kan bá dá, ẹni tó ń hun ún á tú ìdè, á fi iná tẹ ọ̀pá tuntun, á tún un dì.

Òjò: onírọ́bà ló borí, pankẹ́rẹ́ gidi á bu.

Igbó: ọ̀pẹ tó ń gun igi ni pankẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń rú padà bí wọn ò bá hú gbòǹgbò. Gọ́tà ni rọ́bà ń lọ.

Ẹni tí àga rẹ̀ máa wà níta gbangba, kó ra onírọ́bà elégungun alumíníọ̀mù. Tó bá jẹ́ owó elégungun irin ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń hun pankẹ́rẹ́ ní Mende, l'Ékòó.