Mo ti ṣe Google Certified Educator Level 1, ẹ̀yin tíṣà ẹ wá gbọ́ bó ṣe rí

Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, ẹ̀ ń bèèrè bóyá sátífíkéètì Google yìí, tó ń fi hàn pé tíṣà mọ bá a ṣe ń fi àwọn ohun èlò Google kọ́ ọmọ, tó nǹkan téèyàn ń náwó sí. Lójú tèmi, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ẹ̀ o, orí fóònù ni mo ti kà á, lálaalẹ́ táwọn ọmọ bá ti sùn. Ìdánwò ló ń gbowó, dọ́là 10, wákàtí 3 gbáko, kámẹ́rà á sì máa wò ẹ́. Lápútọ́ọ̀pù lẹ máa lò, èmi yá ti àbúrò mi, mo tún ra epo sílẹ̀ fún jẹnẹrétọ̀ torí ta ló máa gbọ́kàn lé iná fún wákàtí 3? Káàdì náírà mi ò sì gbà kó san dọ́là, odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń lọ tí mò ń bọ̀ ní báńkì, ó dùn mí gan-an, kí n tó rí ẹni bá mi san án.

Ìdánwò náà kì í ṣe àkọ́sórí rárá. Wọ́n á gbé iṣẹ́ fún ẹ bíi pé o wà nílé ìwé, wọ́n á ní kó o ṣe ìbéèrè sórí Forms, ìyẹn fọ́ọ̀mù Google tí wọ́n ti ń dáhùn ìbéèrè lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó o to máàkì sórí Sheets, ìyẹn tábìlì Google tó ń bá èèyàn ṣírò. Sheets yẹn ló gbé mi ṣubú lẹ́ẹ̀kíní, kíkà ni mo kà á, mi ò fọwọ́ ara mi ṣe é. Ọjọ́ 14 lèèyàn máa dúró kó tó tún un ṣe, ó sì máa tún owó san. Kí ọjọ́ 14 yẹn tó pé mo ti kó máàkì gbogbo ọmọ SS2 mi sórí Sheets, ìgbà tí mo padà lọ, mo yege.

Kò fi kọ́bọ̀ kún owó oṣù mi o, ọdún 3 péré ló sì fi ń ṣiṣẹ́ kéèyàn tó tún un ṣe. Àmọ́ ọmọ 74 ni mò ń kọ́ ní Báyọ́lọ́jì, òpin ọ̀sẹ̀ mi ló ń bá máàkì lọ tẹ́lẹ̀. Báyìí, mo máa ń kó wọn lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà, mẹ́wàá mẹ́wàá, wọ́n á ṣe ìdánwò wọn lórí Forms, kí wọ́n tó dìde Forms ti máàkì ẹ̀ tán. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé ó ń fi ìbéèrè tí wọ́n kùnà jù hàn mí. Ìbéèrè lórí osmosis ni, ìyẹn bí omi ṣe ń gba ara awọ tín-ín-rín kọjá lọ síbi tí iyọ̀ tàbí ṣúgà ti pọ̀ jù, àwọn tó gbà á ò pé 20. Mo rò pé mo ti kọ́ wọn yé! Lọ́jọ́ kejì mo gbé iṣu, iyọ̀ àti abọ́ omi lọ sí kíláàsì, a bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.