Authority dọ́là 300, ìnṣọ́ránsì dọ́là 16,200: ohun tí ojú mi rí ní Houston

Ọdún mẹ́ta ni mo fi wa tírélà oníléeṣẹ́ káàkiri Amẹ́ríkà kí n tó ra Freightliner tèmi, àlòkù. Oṣù kẹta ọdún 2024 ni mo bẹ̀rẹ̀ ìwé authority, ìyẹn àṣẹ ìjọba láti máa fi orúkọ ara ẹni gbé ẹrù ẹlòmíràn gba owó. Gbogbo ẹni tó fẹ́ kúrò lábẹ́ ọ̀gá ló ń bi mí pé èló ló ná mi, ta ni mo lò. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnu mi lè sinmi.

Ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Dọ́là 1,150 ni wọ́n gbà. Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Owó ìjọba fún authority jẹ́ dọ́là 300, FMCSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọkọ̀ ẹrù, kì í sì í dá a padà bí ẹ bá kọ ìkọkúkọ. Nọ́mbà USDOT, tí ìjọba fi ń dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ yín mọ̀, ọ̀fẹ́ ni. BOC-3, ìwé tó ń sọ ẹni tí yóò máa bá yín gba ìwé ẹjọ́ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kò ju nǹkan bíi dọ́là 50 lọ. Ìyókù, owó títẹ bọ́tìnì ni. Ẹni tó bá ti kọ fọ́ọ̀mù ìwé ìgbélùú rí, eléyìí ò lè mú un làágùn.

Owó yẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó ohun tó tẹ̀lé e. Wọ́n ní kí n ti ra ìnṣọ́ránsì lọ́jọ́ náà gan-an kí authority lè yá. Irọ́ gbuu. Bí ìnṣọ́ránsì wọlé, bí kò wọlé, ọjọ́ 10 tí ìjọba fi ń retí ẹni tó bá fẹ́ takò yín gbọ́dọ̀ pé. Ọkọ̀ mi wà ní pákìn, owó ìnṣọ́ránsì ń kà.

Ọjọ́ 10 pé, authority ò jáde. Obìnrin tó ta ìnṣọ́ránsì fún mi, ará Mexico, ló pè mí láàárọ̀ kùtù. Ó ní FMCSA ti dá BMC-91X padà, ìwé ẹ̀rí ìnṣọ́ránsì tí ilé iṣẹ́ adójútòfò fi ránṣẹ́ sí wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ ilé iṣẹ́ mi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: "O, L, U, W..." Ó dúró. Ó ní, "A dà?" Orúkọ bàbá mi ni mo fi sọ ilé iṣẹ́ náà, àwọn onífọ́ọ̀mù sì ti sọ Oluwa di Oluw. Orúkọ tó wà lórí ìwé authority àti ti ìnṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ bára mu láìyẹ̀. Lápapọ̀, ọjọ́ 26 ló gbà kí authority tó ṣiṣẹ́.

Ìnṣọ́ránsì ni ọ̀rọ̀ wà. Òfin ní dọ́là 750,000 ni ààbò tó kéré jù fún ẹrù lásán, ìyẹn iye tí ìnṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ lè san bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, àmọ́ àwọn alágbàtà ẹrù ò ní wo ojú yín láìsí mílíọ̀nù kan, àti 100,000 lórí ẹrù. Iye tí onínṣọ́ránsì àkọ́kọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀ pè fún mi lọ́dún, 24,000. Obìnrin yìí bi mí ní ìbéèrè kí ó tó pe iye: ọdún mélòó lẹ́ ti wakọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́pàá ńkọ́, níbo lọkọ̀ ń sùn, kí lẹ ó máa gbé, ibo lẹ ń lọ? Mo fẹ́ sọ pé n kò ní kọjá máìlì 500 kí owó lè wálẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí jàǹbá bá bá mi ní California ńkọ́? Mo gba gbogbo ìpínlẹ̀ 48 tó so mọ́ra wọn. Ó já sí 16,200: mo san 3,400 lẹ́ẹ̀kan, ìyókù di 1,280 lóṣù fún oṣù mẹ́wàá.

Ẹ gba iye lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta ó kéré tán kí ẹ tó san dọ́là 300 yẹn. Àwọn kan ra ọkọ̀ tán, kí wọ́n tó mọ̀ pé ìnṣọ́ránsì ju agbára wọn lọ.

Lẹ́yìn tí authority jáde, ìpè àwọn tó fẹ́ tajà fún mi ò jẹ́ kí n sùn, torí nọ́mbà fóònù yín wà ní gbangba. Ṣùgbọ́n àwọn alágbàtà tí èmi ń pè ní kí authority mi kọ́kọ́ pé ọjọ́ 90 kí n tó padà wá, òmíràn ní oṣù mẹ́fà. Ẹ tọ́jú owó oúnjẹ. Ẹ sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ oògùn olóró àti ọtí wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń wakọ̀, torí àyẹ̀wò ìjọba tó máa ń wáyé láàárín ọdún àkọ́kọ́ máa já ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni.

Obìnrin ìnṣọ́ránsì: máàkì márùn-ún nínú márùn-ún, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni mo ti tún ìnṣọ́ránsì gbà. Àwọn onífọ́ọ̀mù: ẹyọ kan, nítorí wọ́n ń gbé fóònù. Wọ́n tún kọ̀wé sí mi láìpẹ́ pé kí n wá san dọ́là 150 fún MCS-150, àtúnṣe ọlọ́dún méjì-méjì sí àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ ẹni lọ́dọ̀ FMCSA. Mo ṣe é fúnra mi lórí fóònù níbi tí mo ti ń ra epo dísẹ́lì. Ọ̀fẹ́ ni.