Ọ̀dà Winton lábẹ́ oòrùn àti ọyẹ́ Àbújá

Ẹni tó ń fi òpin ọ̀sẹ̀ ya àwòrán ní Kubwa tàbí Gwarinpa, tó fẹ́ gbé e kọ́ níbi tí àwọn ará àdúgbò á ti rí i, kò nílò páálí ọ̀dà aláwọ̀ mẹ́rìnlélógún tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ọmọ ilé-ìwé. Túùbù mẹ́jọ tó ṣeé fọkàn tán tó o. Winton, tí ilé-iṣẹ́ Winsor & Newton ń ṣe, ni mo máa kọ́kọ́ fà lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀dà olóròóró ti akẹ́kọ̀ọ́ ni, kì í ṣe èyí tó ga jù nínú tiwọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ibi tó ti lágbára àti ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó kò ní kábàámọ̀ owó rẹ̀.

Iye kan náà ni wọ́n máa ń dá lé gbogbo àwọ̀ Winton, ì báà jẹ́ funfun, ì báà jẹ́ pupa. Túùbù 37ml ló wọ́pọ̀. Ti 200ml náà wà. Titanium White nìkan ni kí ẹ ra ní 200ml, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ tán. Kò sí ojú ọ̀run, ògiri tàbí ìmọ́lẹ̀ ojú èèyàn tí kò sí nínú rẹ̀. Ìyókù ni French Ultramarine (aró), Burnt Umber (àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú), Burnt Sienna (àwọ̀ ilẹ̀ pupa), Yellow Ochre (yẹ́lò ilẹ̀), Permanent Alizarin Crimson (pupa tó jinlẹ̀), pupa kan àti yẹ́lò kan. Ẹ fi dúdú sílẹ̀ lọ́jà. Bí ẹ bá po French Ultramarine àti Burnt Umber pọ̀ ní ìdajì-ìdajì, dúdú tó máa jáde jinlẹ̀ ju ti inú túùbù lọ, ẹ sì lè fà á sápá aró tàbí sápá ilẹ̀ bó ṣe wù yín. Pàápàá fún ara dúdú: dúdú inú túùbù tí wọ́n pò mọ́ funfun máa ń sọ awọ èèyàn di eérú.

Ẹ ka ara túùbù kí ẹ tó sanwó. Níbi tí ẹ bá ti rí ọ̀rọ̀ Hue lẹ́yìn orúkọ, bíi Cadmium Red Hue, kò sí ojúlówó cadmium, èròjà àwọ̀ náà, nínú rẹ̀. Ohun tó jọ ọ́ tí owó rẹ̀ rọjú ni wọ́n fi rọ́pò. Kì í ṣe èrú, wọ́n kọ ọ́ síta. Àmọ́ ibẹ̀ ni ìṣòro máa ń wà fún ẹni tó fẹ́ ya òdòdó panṣẹ́kẹ́ tó ń pọ́n lẹ́bàá títì. Tí ẹ bá fi funfun kàn án kó lè mọ́lẹ̀, kíá ló máa di pińkì. Yẹ́lò ni kí ẹ fi tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ẹ fi Burnt Sienna tó tinrin tẹ́ ibi òjìji, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá gbé pupa náà lé e ní nínípọn láìfi nǹkan kan là á. Ìgbà yẹn ni òdòdó á tó dà bí iná.

Níbi àwọ̀ ilẹ̀, Winton ò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Yellow Ochre, Burnt Sienna àti Burnt Umber kò wọ́n láti ṣe, nítorí náà kò sí ìdí tí ilé-iṣẹ́ á fi bu wọ́n kù. Ilẹ̀ pupa Àbújá wà nínú wọn pátá. Fún àpáta Zuma, French Ultramarine, Burnt Umber àti funfun tó pọ̀. Àwọn ìlà funfun tó ṣàn wálẹ̀ lójú rẹ̀, ẹ fi Yellow Ochre bíńtín sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á dà bí ẹfun tí wọ́n fi kun ògiri.

Aṣọ òkè náà dùn ún fi ṣe. Ẹtù: French Ultramarine mẹ́ta sí Burnt Umber kan, kí ẹ wá fi orí búrọ́ọ̀ṣì tóóró fa ìlà aláwọ̀ ojú ọ̀run sí i. Sányán: funfun púpọ̀, Yellow Ochre díẹ̀, Burnt Umber bí orí abẹ́rẹ́. Àlàárì ló gba sùúrù. Permanent Alizarin Crimson kì í bo nǹkan mọ́lẹ̀, ṣe ló máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ fi Burnt Sienna tẹ́ ẹ nísàlẹ̀, kó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó fi Crimson náà rá a lórí lẹ́ẹ̀mejì. Ní ti aró, ẹni tó bá ti dúró níwájú iṣẹ́ Yusuf Grillo, ayàwòrán tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Zaria, á mọ ibi tí àwọ̀ yìí lè gbé èèyàn dé.

Ooru ìlú yìí kì í ṣàánú túùbù. Èyí tó bá ti pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò ní fáànù, tàbí tó sùn sínú mọ́tò lóṣù kẹta, òróró inú rẹ̀ á ya kúrò lára àwọ̀. Tí ẹ bá ṣí i, omi aláwọ̀ oyin ló máa kọ́kọ́ ṣàn jáde, èyí tó tẹ̀lé e á wá le bí ẹ̀kọ àná. Kò tíì bàjẹ́. Ẹ tẹ ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ lò síta tòun ti òróró náà, kí ẹ fi ọ̀bẹ pálẹ́ẹ̀tì pò ó títí á fi dán dọ́gba, kí ẹ sì máa gbé túùbù dojú dé. Bí ìdérí bá kọ̀ tí kò ṣí, ẹ ri òun nìkan bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú kan, ẹ fi àkísà dì í mú, kí ẹ yí i jẹ́jẹ́. Púláyà máa ń lọ́ ọrùn túùbù títí á fi là.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan ọ̀dà, abẹ́ rẹ̀ ló ti wá. Èmọ́ṣọ̀n ògiri pẹ̀lú gúlúù funfun káfíńtà ni ọ̀pọ̀ ń fi kun kánfáàsì. Tí èmọ́ṣọ̀n náà bá jẹ́ èyí tó máa ń kùn sí èèyàn lọ́wọ́ bí lẹ́bú, á fa òróró mu, àwòrán á wá ní ojú tó kú níbì kan, tó ń dán níbòmíràn. Ẹ fi ìka kan tọ́ ọ wò: bí ẹfun bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má tíì kùn ún. Gesso alákíríìlì, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi ń múra kánfáàsì sílẹ̀, ló dára jù, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ sì fún un ní ọjọ́ kan kí ọ̀dà tó débẹ̀. Igi arère fúyẹ́ fún férémù, ṣùgbọ́n èyí tí kò tíì gbẹ tán nígbà òjò á lọ́ nígbà ọyẹ́, á sì fa igun kánfáàsì dání.

Tọpẹ́ńtáìn náà ń kọ́? Ẹ kán ẹ̀kán kan sórí bébà funfun. Tí òrùka òróró bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, kẹrosíìnì ti wọ inú rẹ̀. Ẹ lè fi fọ búrọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ẹ má fi la ọ̀dà. Ìpele àkọ́kọ́ ni kó gba tọpẹ́ńtáìn, ìkejì kó jẹ́ ọ̀dà lásán, ìkẹta ni kí ẹ tó kán òróró linseed sí. Ẹni tó bá yí i po, àwòrán rẹ̀ á sán.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀dà yìí ń mu kó tó gbẹ, kì í ṣe omi ló ń jáde lára rẹ̀. Ó lè gbà tó ọjọ́ 2 sí 12 kó tó ṣeé fọwọ́ kàn. Burnt Umber ló máa ń yá, Alizarin ló máa ń pẹ́ jù. Nígbà ọyẹ́, eruku á ti lẹ̀ mọ́ ọn kó tó gbẹ. Ẹ kọjú rẹ̀ sí ògiri, kí orí rẹ̀ dà síwájú díẹ̀, kí eruku lè máa bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Àkísà tó bá mu òróró linseed, ẹ rì í sómi nínú agolo onídèérí. Tí ẹ bá ká a jọ sígun yàrá, ó lè gbaná fúnra rẹ̀.

Fáńíìṣì ìkẹyìn kò gbọ́dọ̀ kàn án kí ó tó pé oṣù 6, ìpele tó nípọn tiẹ̀ fẹ́ ọdún kan. Bí ìpàtẹ bá wà ní gbọ̀ngàn àdúgbò ṣáájú ìgbà yẹn, retouching varnish tó tinrin, ìyẹn fáńíìṣì fífúyẹ́ onígbà díẹ̀, ni kí ẹ rá lé ibi tó kú, kìkì tí ibẹ̀ bá ti gbẹ. Láti gbé e lọ, ẹ kan pákó kékeré mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ tó da páálí bò ó, kí ohunkóhun má baà kan ojú àwòrán nínú mọ́tò.