Lẹ́sìn Gẹ̀ẹ́sì fún Ọmọ JSS3 ní Tánkè: Gírámà Yanjú, Ìwé Lítíréṣọ̀ Kò Ṣí

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Gáà Akáńbí, ní Ìlọrin, fẹ́ ṣe ìdánwò BECE, èyí tí ọmọ fi ń parí sẹ́kọ́ńdìrì kékeré (JSS), lọ́dún yìí, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló sì ń kó ọkàn rẹ̀ sókè nínú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ìṣirò kì í yọ ọ́ lẹ́nu, ó mọ ẹ̀kọ́ ìsìn Ìsìláàmù dunjú, ṣùgbọ́n ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ní sáà kìíní pupa láti òkè délẹ̀ bí ẹni pé ata ló dà sí i. Mo wádìí kiri, mo sì san ₦15,000 fún ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ilé lẹ́sìn kan ní agbègbè Tánkè, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, wákàtí méjì lójúmọ́. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí pé ẹ̀sùn wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, mo sì ti sọ ọ́ lójú ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀. Òbí tó ń wá ibi tí yóò fi ọmọ sí kí ìdánwò tó dé ni mo kọ èyí fún, kí ó lè mọ ohun tó yẹ kí ó bèèrè kí ó tó ka owó sílẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń ṣe ní JSS kì í ṣe gírámà nìkan. Àkàyé wà nínú rẹ̀, àròkọ àti lẹ́tà kíkọ wà níbẹ̀, ìró èdè wà níbẹ̀, lítíréṣọ̀ náà sì wà lábẹ́ iṣẹ́ kan náà, nítorí pé ó di ìgbà tí ọmọ bá wọ SS kí lítíréṣọ̀ tó dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tirẹ̀. Ilé lẹ́sìn tó bá ní òun ń kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì fún BECE, gbogbo èyí ló gbà láti kọ́ ọ.

Òjò ló ká mi mọ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo sì jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Olùkọ́ gírámà jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tí gbogbo àwọn ọmọ ń pè ní Àǹtí. Ó kọ gbólóhùn méjì sójú pátákó, "The boy goes home" àti "The boys go home", ó sì ní kí wọ́n sọ méjèèjì ní Yorùbá kí òun tó ṣàlàyé ohunkóhun. Wọ́n dáhùn pé, "Ọmọkùnrin náà ń lọ sílé", "Àwọn ọmọkùnrin náà ń lọ sílé". Ó bi wọ́n pé, "Kí ló yí padà lára 'lọ'?" Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ó ní kò sí ohun tó yí padà, nítorí pé Yorùbá ti gbé gbogbo ẹrù ọ̀pọ̀ ru "àwọn", ọ̀rọ̀-ìṣe kò sì bá wọn dá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ẹnì kan ló ń lọ tàbí ọ̀pọ̀. Lẹ́yìn náà ló fún wọn ní ọ̀nà àbùjá kan: "s" kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn méjèèjì, bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ti mú un, kí ọ̀rọ̀-ìṣe fọwọ́ lẹ́rán.

Ọ̀nà àbùjá náà dùn, ó sì ní kòtò. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, ọmọ mi kọ "The children goes to school" sínú iṣẹ́ àṣetiléwá, nígbà tí mo sì bi í, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ wò ó, kò sí 's' lára 'children', 'goes' ló máa mú un." Ẹnu mi wọhò. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan fún olùkọ́ náà, kò sì bínú. Ní ọjọ́ kejì, ó mú ọ̀nà mìíràn wá: kí ọmọ kọ́kọ́ fi arọ́pò orúkọ dípò ọ̀rọ̀-orúkọ náà, bó bá di "they", "go" ni, bó bá di "he", "she" tàbí "it", "goes" ni. Èyí ló gbé wọn dé orí "One of the boys is here", tí ojú ọmọ máa ń sáré lọ bá "boys" tó sún mọ́ ọn, tí yóò sì gbàgbé pé "one" ni olúwa gbólóhùn. Mo fún olùkọ́ náà ní máàkì fún èyí, nítorí pé kì í ṣe gbogbo olùkọ́ ló máa ń gba ìwé òbí tí kò fi ní fajú ro.

Ọ̀rọ̀ "he" àti "she" gba odidi ọjọ́ kan. "Ó" kan náà là ń lò fún ọkùnrin, fún obìnrin, fún ewúrẹ́ àti fún àga, torí náà ọmọ lè kọ "My mother is a trader. He sells elubo" kí ó sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta láìrí àṣìṣe kankan. Àǹtí ní kí wọ́n yípo sí gbogbo "he" àti "she" inú àròkọ kí wọ́n tó fi sílẹ̀, kí wọ́n sì fa ìlà láti ibẹ̀ dé orí ẹni tí wọ́n ń sọ. Ìwé ọmọ mi rí wúruwùru báyìí bí ìtàkùn, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti padà di obìnrin.

Èyí tí mo gbádùn jù ni ẹ̀kọ́ lórí ìbéèrè kékeré tó máa ń tẹ̀lé gbólóhùn. Àwa ní "àbí". "Àbí" kò ka ẹnì kankan sí: ẹ lè fi ti ẹ̀yìn gbólóhùn èyíkéyìí, ìbáà jẹ́ ti àná tàbí ti ọ̀la, ti ẹnì kan tàbí ti ogún ènìyàn. Ọmọ tó ń fi "àbí" ronú yóò wá "àbí" kan ṣoṣo nínú Gẹ̀ẹ́sì, "isn't it" ni yóò sì bọ́ sí i lọ́wọ́, yóò wá máa sọ pé "You are coming, isn't it?" Àǹtí ní kí wọ́n wá ọ̀rọ̀-ìṣe aṣèrànwọ́ inú gbólóhùn náà, kí wọ́n sì yí i sódì, bí gbólóhùn bá gbà, kí ìbéèrè kọ̀, bí gbólóhùn bá kọ̀, kí ìbéèrè gbà: "She can sing, can't she?", "They didn't come, did they?" Ó wá dojú kọ ọmọkùnrin kan tó ti ń wo ẹni tó ń ta búrẹ́dì láti ojú fèrèsé, ó ní, "You haven't eaten, have you?" Ọmọ náà ní, "Yes." Àǹtí ní, "Ṣé o ti jẹun nìyẹn, má wo búrẹ́dì olóbúrẹ́dì mọ́." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ ni" tiwa máa ń bá ẹni tó béèrè fohùn ṣọ̀kan pé òótọ́ ló sọ, n kò tíì jẹun, ṣùgbọ́n "yes" ti Gẹ̀ẹ́sì kò wo ẹni tó béèrè, oúnjẹ ló ń wò, bóyá a jẹ ẹ́ tàbí a kò jẹ ẹ́. Èmi tí mo ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹ̀yìn kíláàsì yẹn ni mo ti mọ ìdí tí àṣìṣe náà kò fi tíì fi ẹnu mi sílẹ̀.

Ní ti lítíréṣọ̀, olùkọ́ ọkùnrin kan ló wà nídìí rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó mọ̀ pé àwọn ọmọ yìí ti ń lo ọnà èdè nílé kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. "Ó dúdú bíi kóró iṣin" ni àfiwé tààrà, "bíi" tó wà níbẹ̀ ló dúró fún "like" tàbí "as". "Kìnnìún ni ọkùnrin náà" ni àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, kò sí "bíi" níbẹ̀ mọ́. "Ebi ń pa mí" ti sọ ebi di ẹ̀dá tó lè pa ènìyàn, ìfohunpènìyàn sì nìyẹn. Nígbà tó fún wọn ní ìdánwò kékeré, ọmọ mẹ́ta, tiwa sì wà nínú wọn, fa ìlà sábẹ́ "She likes mangoes" pé àfiwé tààrà ni, nítorí pé wọ́n rí "like" níbẹ̀. Kò nà wọ́n, kò sì bú wọn. Ó kàn bi wọ́n pé, "Kí la fi wé kí ni?" Wọ́n wá nǹkan kejì títí, wọn kò rí i. Ìbéèrè yẹn ni ọmọ mi ń bi ara rẹ̀ báyìí bó bá kan ọnà èdè, n kò sì rí ohun tó ṣe é láǹfààní jù ú lọ ní gbogbo apá yìí.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà parí, wọn kò ṣí ìwé kan ṣoṣo. Iléèwé wọn ti fún wọn ní ìwé ìtàn kan, eré oníṣe kan àti àwọn ewì láti kà, gbogbo rẹ̀ wà nínú báàgì ọmọ náà lójoojúmọ́. Ohun tí ilé lẹ́sìn fún wọn ni ìwé fótókọ́pì tí wọ́n tà ní ₦2,000, tí ìtàn náà wà nínú rẹ̀ ní ìsọnísókí, pẹ̀lú orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn àti ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ bíi ibùdó ìtàn àti kókó ọ̀rọ̀. Ojú ìwé kẹtàlá àti ìkẹrìnlá kò sí nínú tiwa, àwọn tó kù sì ti ṣá débi pé a ní láti gbé e sábẹ́ iná kí a tó rí i kà. Ọmọ mi ka ìtumọ̀ "narrator", ẹni tó ń sọ ìtàn, fún mi láìṣe àṣìṣe kankan. Mo wá ṣí ìwé ìtàn náà gan-an sí ojú ìwé àkọ́kọ́, tí ẹnì kan ti ń sọ pé "I" ṣe báyìí, "I" ṣe báyẹn, mo sì bi í pé ta ló ń sọ̀rọ̀. Orúkọ òǹkọ̀wé tó wà lára èèpo ìwé ló pè. Ìdánwò lè gé ọ̀rọ̀ kan jáde láti inú ìwé kí ó ní kí ọmọ sọ ẹni tó ń sọ ọ́ àti ẹni tí a sọ ọ́ fún, ìsọnísókí kankan kò sì lè kọ́ni ní ìyẹn.

Ìró èdè ni wọ́n fi ṣeré jù. Fáwẹ̀lì àìránmúpè 7 ni Yorùbá ní, àránmúpè rẹ̀ sì jẹ́ 5. Ìró fáwẹ̀lì 20 ni wọ́n ń kọ́ ọmọ nínú Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú kọ́ńsónáǹtì 24, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 44. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fún gbogbo èyí, jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn sì ń ké ní gbogbo àsìkò náà. Olùkọ́ pe "sit", ó pe "seat", àwọn ọmọ sì pè é tẹ̀lé e ní ìró kan náà, ló bá kọjá lọ. Ohun tí ìdánwò sì máa ń fi dẹkùn mú ọmọ ni kí lẹ́tà máa purọ́: "blood" àti "food" jọra lójú, ṣùgbọ́n "cup" ni ìró "blood" bá mu. Ẹni tí kò gbọ́ ọ kò lè mọ̀ ọ́n.

Àròkọ mẹ́fà ni ọmọ mi kọ, méjì péré ni wọ́n yẹ̀ wò, ọ̀kan nínú méjèèjì sì gba àmì "ó dára" lásán. Mo gbà pé wọ́n kọ́ ọ dáadáa ní ibi tí àdírẹ́sì méjì ti wà nínú lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀, tí lẹ́tà gbẹ̀fẹ̀ sì gba ọ̀kan, wọ́n sì gba "If so, doxology" kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, gbólóhùn ìkíni inú lẹ́tà àtijọ́ tí n kò mọ ibi tó ti rí i, bóyá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ àgbà.

Ohun kan wà tí wọ́n ṣe tí àwọn ilé lẹ́sìn mìíràn kì í rò. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Ìlọrin ló ń lọ sí ilé kéwú lọ́sàn-án, wọ́n sì pín kíláàsì sí méjì kí ẹni tó ń bọ̀ láti ilé kéwú lè wọ ti ẹ̀yìn ìrun Alásárì. Bí kò bá sí èyí ni, kì bá ti ṣeé ṣe fún wa rárá.

Bí gírámà bá ni ìṣòro ọmọ yín, ₦15,000 náà kò ṣòfò, n ó sì tún san án nítorí Àǹtí yẹn nìkan. Bí lítíréṣọ̀ bá ni, ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn pé ìwé wo ni wọ́n máa kà, ojú ìwé mélòó lọ́sẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi àròkọ tí wọ́n ti yẹ̀ wò hàn yín. Mo bèèrè owó fótókọ́pì náà padà, ọ̀gá wọn ní òun yóò fún wa ní òmíràn tó mọ́ ju ìyẹn lọ, n kò sì tíì rí i. Ìwé ìtàn náà la ń kà nílé báyìí lẹ́yìn ìrun Iṣáì, ojú ìwé mẹ́wàá lálẹ́, lálẹ́ àná ló sì gbé ojú kúrò nínú rẹ̀, tó ní, "Àǹtí mi, ọmọkùnrin yìí ló ń sọ ọ́, ó sì dà bí ẹni pé ó ń parọ́ fún wa."