Tábìlì ìfọwọ́ onígi tíìkì àti abọ́ òkúta fún balùwẹ̀: ohun tí oṣù 18 fi hàn mí

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni tábìlì ìfọwọ́ kan tí wọ́n fi igi tíìkì kàn, abọ́ òkúta tí ó jókòó lé e lórí, àti ẹnu ẹ̀rọ omi onídẹ tí ó bá wọn wá. Ọwọ́ káfíńtà kan ṣoṣo ni mo ti gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a sì ti lò wọ́n fún oṣù 18 gbáko, láàárọ̀ àti lálẹ́, nínú balùwẹ̀ tí ènìyàn márùn-ún ń wọ̀ tí wọ́n ń jáde. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró kí ó pẹ́ tó báyìí, nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n bá gbé igi wọ balùwẹ̀ kọ́ ni à ń mọ bí ó ti dára sí. Ó di ìgbà tí omi bá ti ta sí i lára léraléra, tí oru omi gbígbóná sì ti kọ lù ú fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Tẹ́lẹ̀, táìlì funfun ni balùwẹ̀ wa láti ilẹ̀ dé òkè, abọ́ ìfọwọ́ funfun, iná funfun. Ó mọ́ tónítóní, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n òtútù rẹ̀ ti máa ń wọ ojú kí ó tó wọ ara. Ìrísí ilé oko ni mo fẹ́: igi tí iṣan rẹ̀ hàn kedere, òkúta tí a kò dán tán, idẹ tí yóò máa ṣú díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń lò ó, àti ọ̀dà aláwọ̀ amọ̀ lára ògiri tí ó wà lẹ́yìn tábìlì. Ọ̀dà yẹn ni ó rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí náà n kò ní tún dárúkọ rẹ̀ mọ́.

Igi ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lé lórí jù. Ojú tábìlì náà gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, ó fẹ̀ ní 50, ó sì nípọn ní 4. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ti ń fi tíìkì tẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin: òróró wà nínú igi náà fúnra rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi tètè rí àyè wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá fi àtẹ́lẹwọ́ pa pákó rẹ̀ kí wọ́n tó kùn ún rárá yóò rò pé wọ́n ti fi ìda díẹ̀ ra á. Kí n tó sanwó, káfíńtà náà mú mi lọ síbi tí ó to pákó sí, ó ti fi igi pẹlẹbẹ sí àárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Ìṣirò tí àwọn oníṣẹ́ igi sábà máa ń lò ni pé kí pákó tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ gbẹ lo nǹkan bí ọdún kan fún mílímítà 25 tí ó bá fi nípọn, èyí tí ó túmọ̀ sí pé pákó tèmi nílò ju ọdún kan àti ààbọ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ra igi tútù yóò jẹ́ kí ó gbẹ nínú ilé tirẹ̀, níbi tí yóò ti lọ́, tí yóò sì là mọ́ ọn lójú.

Igi tí ó gbẹ pàápàá kì í dúró lójú kan. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ yóò wú, bí ó bá dín yóò sún kì, ìbú rẹ̀ ni èyí sì ti ń ṣẹlẹ̀, nítorí pé òòró rẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà. Mo wo abẹ́ tábìlì náà ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, inú mi sì dùn sí ohun tí mo rí: ihò tí àwọn sikúrù gbà wọlé kò rí róbótó, wọ́n gùn díẹ̀, kí ojú tábìlì lè ní àyè láti máa rìn lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní rí láé nìyẹn, òun ni mo sì gbà pé kò jẹ́ kí ìlà kankan là lára tábìlì náà títí di òní.

Ní oṣù kẹrin ni àbùkù àkọ́kọ́ jáde. Mo ń gbọ́ òórùn kan bí ti ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, mo wá dùbúlẹ̀ gbalaja sábẹ́ tábìlì pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Òrùka dúdú kan ti yí ihò tí páìpù omi ìdọ̀tí gbà kọjá ká, fífẹ̀ rẹ̀ tó àtàǹpàkò mi. Mo fi èékánná tẹ ibẹ̀, ó rọ̀, omi díẹ̀ sì hàn lójú rẹ̀. Lókè lọ́hùn-ún, ojú tábìlì ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, ènìyàn kò lè fura. Ohun tí ó fa á ni pé níbi tí ayùn bá ti gé igi, ẹnu àwọn iṣan tí omi ń gbà gòkè nígbà tí igi ṣì wà lóòró a máa ṣí sílẹ̀ gbayawu, omi tí ó bá sì kan ibẹ̀ a máa wọlé bí ó ti ń wọ inú kànrìnkàn. Ìgbà márùn-ún ni wọ́n fi òróró pa ojú tábìlì náà. Wọn kò fi kan inú ihò yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Mo pe káfíńtà náà, kò jiyàn rárá. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ihò yẹn ni mo gbójú fò.” Ó wá láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó yọ abọ́ kúrò, ó ha ibi dúdú náà títí igi pupa fi yọjú, ó fi sílẹ̀ kí ó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, lẹ́yìn náà ni ó wá ń rọ òróró sí i títí igi náà kò fi mu ún mọ́. Ó fi rọ́bà sí abẹ́ ẹnu páìpù náà kí ó tó tì í padà. Oṣù 14 ti kọjá lẹ́yìn ìgbà yẹn, mo sì ń yẹ ibẹ̀ wò lóṣooṣù. Kò tún ṣú mọ́. Mo ka àṣìṣe náà sí i lọ́rùn, mo sì ka bí ó ṣe tún un ṣe sí ìwà ọmọlúàbí.

Òróró ni mo yàn dípò fáníìṣì, n kò sì kábàámọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ wà ńbẹ̀. Fáníìṣì a máa dúró lórí igi bí awọ. Ó lágbára, ó sì lè tó ọdún mélòó kan kí ó tó ní ìyọnu, ṣùgbọ́n bí ohun kan bá ti họ ọ́, omi yóò gba ibẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀, yóò há síbẹ̀, fáníìṣì yóò sì máa ṣí bí ìpẹ́ ẹja títí ènìyàn yóò fi ha gbogbo rẹ̀ dànù. Inú igi ni òróró ń wọ̀ ní tirẹ̀, ibi tí ó bá bàjẹ́ nìkan ni ènìyàn yóò sì tún ṣe. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mo ń fi òróró tí wọ́n fi lìnsíìdì (irúgbìn kan tí wọ́n ń fún òróró rẹ̀) pò pa á: sáńpépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀, aṣọ òwú, ìṣẹ́jú 20 kí igi fi mu ún, kí n tó nu ìyókù kúrò. Aṣọ tí mo bá fi nù ún, ìta ni mo máa ń tẹ́ ẹ sí láìká a, títí yóò fi gbẹ gan-an, nítorí pé òróró yìí a máa mú ooru jáde bí ó ti ń gbẹ, aṣọ tí a bá sì ká jọ tí a jù sí kọ̀rọ̀ lè gbiná fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ èyí fún mi nígbà tí mo ra tábìlì náà. Ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sí ìwé kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe ohun tí a ń fi pamọ́ fún oníbàárà.

Àbùkù kejì jẹ́ ti gíga, èmi àti káfíńtà náà la sì jọ ṣe é. Etí abọ́ ìfọwọ́ sábà máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 80 sí 90 láti ilẹ̀. Tábìlì yìí ga ní 82, èyí tí ì bá dára gan-an bí abọ́ bá rì sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni abọ́ òkúta yìí jókòó sí, òun náà sì ga ní 15. Etí rẹ̀ wá di 97. Ọmọ wa abígbẹ̀yìn, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, ní láti nasẹ̀ kí ó tó fọwọ́, gbogbo omi náà yóò sì gba apá rẹ̀ ṣàn dé ìgúnpá, tí aṣọ rẹ̀ yóò tutù rin. A gé sẹ̀ǹtímítà 12 kúrò lára ẹsẹ̀ tábìlì. Lọ́tẹ̀ yìí, káfíńtà náà kò dúró kí n ránni létí: ó rẹ ìdí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú òróró, ó sì kan rọ́bà pẹlẹbẹ sí wọn kí igi má bàa dúró nínú omi tí ó bá dà sílẹ̀.

Abọ́ náà fúnra rẹ̀, ìyìn nìkan ni mo ní fún un. Òkúta odò ni, wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ wọ́n sì dán an, wọ́n wá fi ara rẹ̀ sílẹ̀ bí odò ṣe ṣe é. Mábù ni mo kọ́kọ́ fẹ́. Káfíńtà náà mú ègé mábù kan àti ègé òkúta odò kan, ó kán ọtí kíkan sí méjèèjì lára. Lórí mábù, ìfófó kéékèèké yọ, nígbà tí a sì nù ún, ojú ibẹ̀ ti ra, kò dán mọ́. Òkúta odò kò tilẹ̀ mọ̀ pé ohun kan kán sí òun. Nínú ilé tí àwọn ọmọdé wà, tí oríṣiríṣi ọṣẹ ìfọ̀dọ̀tí sì ń wọlé, ẹ̀rí yẹn tó mi. Kìlógíráàmù 19 ni ó wọ̀n, nítorí náà kí ẹni tí ó bá fẹ́ irú rẹ̀ rí i dájú pé ẹsẹ̀ tábìlì òun le.

Ẹnu ẹ̀rọ omi dára. Idẹ tí wọn kò fi ohunkóhun bò ni, ó sì ti ṣú láti àwọ̀ wúrà sí àwọ̀ oyin, àfi ibi tí ìka ń kàn lójoojúmọ́ tí ó ṣì ń kọ mànà. Ohun kan ṣoṣo tí ó bà á lójú jẹ́ wá láti ọwọ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ omi, ẹlòmíràn tí kì í ṣe káfíńtà. Sílíkóònù, ohun rírọ̀ bí gọ́ọ̀mù tí ó máa ń gbẹ di rọ́bà, ni ó fi dí ìdí rẹ̀, irú èyí tí ó ń rùn bí ọtí kíkan. Òórùn yẹn ni àmì àsíìdì tí ń jáde bí ó ti ń gbẹ, ó sì ń jẹ idẹ, ó ń jẹ mábù pẹ̀lú. Àwọ̀ ewé yọ yíká ìdí ẹ̀rọ náà, a sì ní láti gé sílíkóònù náà kúrò, kí a fi irú èyí tí kò ní àsíìdì dípò rẹ̀.

Gbogbo èyí ì bá máà ní ẹwà kan bí iná funfun àtijọ́ yẹn bá ṣì wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀, igi tíìkì dà bí páálí. Nǹkan tí ó yẹ kí ènìyàn wò lára gílóòbù ni nọ́ńbà tí K (kẹ́lífíìnì, ìwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀) tẹ̀ lé: 6500 K ni tiwa, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fẹ́ ṣe bí ojú ọ̀run tí ó ṣú, mo sì fi 2700 K rọ́pò rẹ̀, tí ó sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ gílóòbù onírin-gbígbóná àtijọ́. Mo yan fìtílà tí wọ́n kọ IP44 sí lára, nítorí pé omi lè ta sí i láti ìhà gbogbo kí ó má ṣe é ní nǹkan kan. Fáànù tí ń fa oru jáde ṣe pàtàkì bákan náà, a sì máa ń fi í sílẹ̀ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 20 lẹ́yìn tí ẹni ìkẹyìn bá wẹ̀ tán. Ẹni tí balùwẹ̀ rẹ̀ kò bá ní fáànù tàbí fèrèsé, n kò ní gbà á nímọ̀ràn láti gbé irú tábìlì yìí wọ ibẹ̀.

Mo ti ní kí káfíńtà náà kan òmíràn fún balùwẹ̀ kékeré tí ó wà nísàlẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 70 ni mo kọ sórí ìwé fún gíga rẹ̀, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí yóò lu ihò páìpù.